Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Onítọ́bò Nínú Land Rover Àtijọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Wa Mọ̀ Kó Tó Náwó

Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ló ní kí n wá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń retí kí n sọ̀rọ̀ lórí owó ìfẹ̀yìntì, torí ibi tí ẹnu mi ti máa ń dùn jù nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n gbé fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé wa tó kọjá á rántí àríyànjiyàn tó wáyé lórí Land Rover ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní kí á yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù inú rẹ̀, kí á fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onítọ́bò rọ́pò rẹ̀. Àwọn àgbà kan ní kí á ta ọkọ̀ náà fún àwọn onírin, kí á sì dá owó ra bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti dìde, tó ní èmi ti ṣe irú iṣẹ́ yìí sí ọkọ̀ tèmi, pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹnikẹ́ni tó mú owó sílẹ̀. Kí n tètè sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò tí mo jìn sí ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

ỌKỌ̀ TÍ À Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀

Land Rover Series III ni ọkọ̀ wa, irú èyí tó gùn tí wọ́n ń pè ní 109, nítorí pé íǹṣì 109 ló wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀. Solihull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Land Rover ní 1948. Series III jáde láti 1971 sí 1985, iléeṣẹ́ Leyland tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà sì máa ń to Land Rover pọ̀ fún lílò ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé kò sí ọ́fíìsì àgbẹ̀, ti omi tàbí ti ọ̀nà tí irú rẹ̀ kò sí lẹ́yìn ilé rẹ̀.

Ní ọjà gbàǹjo ni àwọn bàbá wa ti ra tiwa ní 1996. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé aláìsàn, tó ń gbé òkú lọ sílé, tó sì ń gbé àga àti ìkòkò lọ síbi ìnáwó. Ní September 2001, nígbà tí ìlú Jọ́ọ̀sì dàrú, ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi kó àwọn ìyá àti ọmọ lọ sí bárékè, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì lọ tó bọ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn kan tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ọmọdé wà níbí lónìí pẹ̀lú ọmọ tiwọn lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ onírin yẹn kò fi rọrùn fún mi láti gbọ́. Yàtọ̀ sí èyí, mi ò tíì rí bọ́ọ̀sì tó lè wọ àwọn abúlé ẹ̀yìn Bokkos nínú òjò oṣù August.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ti rẹ̀. Nígbà tó ṣì wà ní tuntun pàápàá, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù yẹn, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,286 cc, kò ju bí agbára ẹṣin 70 lọ. Bí ẹ bá kó èèyàn mẹ́sàn-án sínú rẹ̀, tí ẹ dojú kọ òkè, ẹsẹ̀ lásán lè yá jù ú lọ. Epo tó sì ń mu kì í ṣe kékeré.

ẸWÌRÌ INÚ ẸŃJÌNNÌ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọ wa, kí ọ̀rọ̀ yìí má baà di ti ọkùnrin nìkan. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, plọ́ọ̀gì á sì ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, epo tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní gáàsì, kò nílò irú plọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fà wọlé. Á fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ títí á fi gbóná gan-an, débi pé bí nozzle bá ti tu epo sí i, epo yẹn á gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel ló gbé irú ẹ́ńjìnnì yìí dé ibi tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa, ní ìlú Augsburg ní Jámánì, ní 1897. Orúkọ rẹ̀ náà ni à ń pe epo yìí títí dòní.

Tọ́bò ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílé ti rí ẹwìrì ní ilé alágbẹ̀dẹ. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ti ń fi ẹwìrì fẹ́ iná, ẹyín iná á pọ́n, irin á sì tètè rọ̀. Ẹwìrì ẹ́ńjìnnì ni tọ́bò. Èéfín tó yẹ kó kàn gba sàlẹ́ńsà jáde lásán ni wọ́n dá dúró lọ́nà kó lè yí abẹ̀bẹ̀ irin kékeré kan. Abẹ̀bẹ̀ kejì wà lórí ọ̀pá kan náà, òun ló sì ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo á jó dáadáa, agbára á sì wá. Ọmọ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní 1905. Ọ̀pá inú tọ́bò kékeré lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, torí mo máa padà sí i.

Àwa tí à ń gbé Jọ́ọ̀sì tún nílò tọ́bò ju àwọn ará Èkó lọ. Ìlú wa ga ju òkun lọ ní bíi 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ ibi tó ga sì fúyẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò máa ń pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ fún gbogbo 1,000 mítà tó bá gùn. Ẹyọ ẹṣin 70 tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ wa, kò pé tó bẹ́ẹ̀ níbí rárá.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń DÁRÚKỌ 200TDI

Ẹ́ńjìnnì tí àwọn ọ̀dọ́ wa dárúkọ, 200Tdi, jáde ní 1989 nínú ọkọ̀ Discovery tí iléeṣẹ́ Land Rover náà ṣe. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,495 cc, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ẹṣin 111. Ohun tó wúlò jù níbẹ̀ fún wa ni pé láti bí ìyípo 1,800 ní ìṣẹ́jú kan ni agbára ìfà rẹ̀ ti pé. Kò nílò kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó máa ké kó tó gun òkè. Àwọn tó ṣe é kò sì pa ìdílé tì: ara ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó wà nínú Series ni wọ́n ti mú ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí gíábọ́ọ̀sì kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba bóòtù àti ihò ló fẹ́ àtúnṣe. Bí ẹ bá mú ẹ́ńjìnnì iléeṣẹ́ mìíràn wá, ẹ ó ní láti rọ irin tó máa so òun àti gíábọ́ọ̀sì pọ̀, bí irin yẹn bá sì wọ́ díẹ̀ báyìí, ó ti bà jẹ́ nìyẹn.

Èyí ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé, "Ó máa kàn wọ ibẹ̀ ni." Kì í kàn wọ ibẹ̀ o. Tọ́bò ti Discovery wà nísàlẹ̀, ó sún mọ́ ṣáásì, wẹ́dà sì ní láti gé ìjókòó ẹ́ńjìnnì kó tún un ṣe. Sàlẹ́ńsà àtijọ́ kò lè bá a mu. Dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ́ńjìnnì kò bá lò gbọ́dọ̀ padà sínú táǹkì, nítorí náà páìpù méjì ni ẹ nílò níbi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò bá fún pọ̀ máa ń gbóná, ó sì gbọ́dọ̀ gba inú ohun kan tó dà bíi rédíétọ̀ kékeré kọjá kó tó wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní intercooler, a sì ní láti wá àyè fún un níwájú. Wáyà kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí epo kọjá sínú ẹ́ńjìnnì yìí, bí iná kò bá dé ibẹ̀, ọkọ̀ á kú. Rẹwáyà tó ṣe tèmi so wáyà yẹn mọ́ fíúsì kan náà pẹ̀lú họ́ọ̀nù. Ìgbà kẹta tí mo fun họ́ọ̀nù fún ewúrẹ́ láàárín ọjà, tí fíúsì jó, tí ẹ́ńjìnnì sì kú, ni a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

BÍ MO ṢE RA TÈMI

Ní January 2012, ẹ rántí, ọjọ́ kìíní ọdún gan-an ni bẹntiróòlù kúrò ní ₦65 tó di ₦141. Ìlú dìde, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì dá a padà sí ₦97. Ìbínú ọ̀sẹ̀ yẹn ló mú mi pinnu. Mo ní Land Rover tèmi, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ti ẹgbẹ́, gbàǹjo kan náà ni mo ti rà á ní 2004. Mo lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ kan, mo ra ẹ́ńjìnnì 200Tdi tòkúnbọ̀ kan. Ẹni tó tà á fún mi da ọ́ìlì dúdú nù, ó da tuntun sí i, ó nù ún títí ó fi ń dán. Kò yí i kí n gbọ́ bó ṣe ń dún, èmi náà ò sì ní kó yí i. Ìtìjú ni mo fi ń sọ eléyìí, nítorí pé bí mo bá fẹ́ ra ewúrẹ́ pàápàá, mo máa ń wo ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí a gbé e dé ilé tí a sì tú u, ẹni tó ti lò ó tẹ́lẹ̀ ti jẹ́ kó gbóná jù. Alumíníọ̀mù ni top cylinder ẹ́ńjìnnì yìí, alumíníọ̀mù kì í sì í fara da ìgbónájù, ńṣe ló máa ń tẹ̀. Àwọn tó ń gé irin ṣe é títí ó fi padà tẹ́jú, ṣùgbọ́n owó tí mo san fún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ẹ́ńjìnnì náà. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá máa rà, kí ẹni tó ń rà á rí i pé wọ́n gbé e sórí igi tàbí irin, kí wọ́n fún un lómi àti epo, kí wọ́n sì yí i níṣojú rẹ̀. Kí ó wo èéfín rẹ̀. Kí ó ṣí ẹnu ibi tí ọ́ìlì ń gbà wọlé, kó wò ó bóyá atẹ́gùn ń tú jáde níbẹ̀ púpọ̀. Kí ó fi ọwọ́ mi ọ̀pá tọ́bò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Bí ọ̀pá náà bá ń jò síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó má mú un. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí á yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí á kí i pé ó dàbọ̀.

HAWAN KIBO

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí, bí ẹ bá sì gbàgbé gbogbo ìyókù, mo bẹ̀ yín kí ẹ mú eléyìí dání.

Iṣẹ́ parí ní October 2012. Mẹkáníìkì tó bá mi ṣe é gbọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì dáadáa, àwọn tírélà ló ń ṣe. Mo wa ọkọ̀ náà káàkiri ìlú fún ọ̀sẹ̀ méjì, inú mi dùn. Mo ṣàkíyèsí pé búréèkì le lábẹ́ ẹsẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ọ̀gá, láínìnì tuntun ni, á rọ̀." Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Saturday kan nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, mo gbé bàbá méjì nínú ẹgbẹ́ yìí, à ń lọ síbi ìnáwó ní Akwanga. Láti ibí dé Riyom, ńṣe ni wọ́n ń yin ọkọ̀ náà, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n máa yìn ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà yẹn mọ Hawan Kibo, ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wa yìí, tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lọ sísàlẹ̀. Bí a ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ epo, mo ń retí kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ di ọkọ̀ mú bó ṣe máa ń ṣe. Kò dì í mú. Ọkọ̀ ń sáré sí i. Mo tẹ búréèkì, ó le bí òkúta. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ dẹwọ́ díẹ̀, ó tún gbéra. Kò pẹ́, òórùn láínìnì tó ń jó kún inú ọkọ̀. Tírélà kan wà níwájú wa tó ń rọra lọ, òmíràn sì ń bọ̀ lókè lódìkejì.

Bàbá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Bàbá Táyọ̀, ṣé kò sí o?" Mi ò lè dá wọn lóhùn. Mo fi ipá ti gíà sí kejì, ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀. Búréèkì ọwọ́ Land Rover àtijọ́ kì í di táyà mú, ọ̀pá tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀ ló ń dì mú, bí èèyàn bá sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè ṣẹ́ nǹkan. Mo ń fà á díẹ̀díẹ̀, mo ń jọ̀wọ́ rẹ̀, mo tún ń fà á. Mo wá darí táyà ọ̀tún sí etí òkè tí wọ́n gé láti la ọ̀nà, ó ń ha yẹ̀pẹ̀ lọ títí ó fi dúró. Ààyè tó wà láàárín wa àti ẹ̀yìn tírélà yẹn kò tó ìwọ̀n yàrá yìí.

Bàbá náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó lórí òkúta, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Wọn kò bínú sí mi. Títí tí wọ́n fi jáde láyé ní 2017, wọn kò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó fà á. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ nínú ọkọ̀ bẹntiróòlù, ilẹ̀kùn kékeré kan á padé lẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ́ńjìnnì á máa fa afẹ́fẹ́ tí kò rí, ìyẹn ló sì ń di ọkọ̀ mú. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì yìí kò ní ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í di ọkọ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Èkejì ló burú jù. Búréèkì ọkọ̀ mi ní búsítà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tó wà níwájú ẹsẹ̀ awakọ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́. Fífà tí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fa afẹ́fẹ́ yẹn náà ni búsítà ń lò láti ṣiṣẹ́. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní irú ìfà bẹ́ẹ̀, wọ́n fún un ní pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú búsítà. Ẹ̀yin ará, pọ́ọ̀ǹpù yẹn wà lára ẹ́ńjìnnì mi, ó sì pé. Họ́ọ̀sì tó yẹ kó so ó pọ̀ mọ́ búsítà ni kò bá ẹnu rẹ̀ mu. Nígbà tí a ṣí bóńẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà níbẹ̀, mo rí i pé bóòtù kan ni wọ́n ti bọ ẹnu họ́ọ̀sì náà, tí wọ́n sì fi wáyà dè é. Bóyá wọ́n ní in lọ́kàn láti padà wá ra èyí tó bá a mu, tí wọ́n sì gbàgbé.

Mo bínú sí mẹkáníìkì náà fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo rò ó wò. Kò purọ́ fún mi. Búréèkì tírélà tó mọ̀ ń lo afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀, kì í lo irú búsítà yìí rárá. Èmi tí mo ní ọkọ̀ ni mo mọ̀ pé búréèkì ti yàtọ̀, tí mo sì jẹ́ kí ìyìn ẹ́ńjìnnì tuntun gbàgbé rẹ̀ fún mi. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ló ra họ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ Monday. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán wa lọ́jọ́ náà.

AGBÁRA TUNTUN, EGUNGUN ÀTIJỌ́

Ohun tí mo rí ní Hawan Kibo ni mo rí lára àwọn ẹ̀yà yòókù. Wọ́n ṣe gíábọ́ọ̀sì Series fún ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ kéré. Ó lè gba 200Tdi mọ́ra bí awakọ̀ bá jẹ́ onísùúrù, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń já kílọ́ọ̀ṣì lójijì yóò gbọ́ ìró tí kò fẹ́. Ní bíi 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì ti ń yí sún mọ́ ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí pé ìwọ̀n eyín 4.7 ló wà nínú dífù. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ rẹ̀ sí ti Range Rover kí ọkọ̀ lè sáré. Fún ọkọ̀ ẹgbẹ́, mi ò fara mọ́ ọn. Dífù Salisbury ló wà lẹ́yìn 109, ti Range Rover kò sì wọ inú rẹ̀ tààrà. Bí ti iwájú bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, lọ́jọ́ tí ẹ bá fa gíà táyà mẹ́rin lórí ilẹ̀ líle, ohun kan á ṣẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù ni búréèkì ọkọ̀ wa. Kí ló ń lé wa?

Nípa ìtọ́jú, ẹ rántí ọ̀pá tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ. Ọ́ìlì nìkan ló gbé e dúró. Bí ẹ bá dé láti ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó pa á, kí ọ̀pá náà lè rọra tutù. Eruku ọyẹ́ wa yìí náà, ọ̀tá tọ́bò ni. Mo máa ń wo ààsẹ̀ afẹ́fẹ́ tèmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti November dé March. Timing belt ló sì ń yí ẹ́ńjìnnì yìí, kì í ṣe ṣéènì bíi ti àtijọ́. Bí ó bá já, ẹ ti ra wàhálà. Gbogbo 40,000 kìlómítà ni mo ń pààrọ̀ tèmi, èmi kì í sì í ra tòkúnbọ̀ rẹ̀, ohun yòówù kí oníṣòwò sọ.

ÌṢIRÒ

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní owó epo á dín kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú ìwé tí mo ń kọ, Land Rover mi máa ń mu lítà bẹntiróòlù 19 fún 100 kìlómítà. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, lítà dísẹ́ẹ̀lì 12 ló ń mu. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní 2012, ₦97 ni bẹntiróòlù, èmi sì ń ra dísẹ́ẹ̀lì ní ₦160. 19 lọ́nà 97 jẹ́ ₦1,843. 12 lọ́nà 160 jẹ́ ₦1,920. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yẹn, mo ń fi ₦77 kún un lórí gbogbo 100 kìlómítà! Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, kò sì tíì jẹ́ kí n gbàgbé.

Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kí ẹ má baà gbára lé iye tí mo bá pè lónìí tó lè yí lọ́la, ẹ lo èyí: bí lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kò bá ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ owó lítà bẹntiróòlù lọ, èrè wà. Bí owó méjèèjì bá dọ́gba, lítà 7 ni a ó máa fi pamọ́ lórí 100 kìlómítà. Bí ọkọ̀ ẹgbẹ́ bá rìn 6,000 kìlómítà lọ́dún, ìyẹn jẹ́ lítà 420. Kí akápò fi owó epo àárọ̀ ọjọ́ tí a bá fẹ́ dìbò ṣírò rẹ̀, kó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí iṣẹ́ yìí máa náni. Mo gbà pé ọdún mélòó kan máa kọjá kí owó tó padà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó ṣe é nítorí òkè, ẹrù àti ọ̀nà abúlé.

OHUN TÍ MO DÁBÀÁ

Kí á má tíì ra ẹ́ńjìnnì kankan. Alumíníọ̀mù ni ara Land Rover, kì í dípẹtà bí irin, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè máa dán lókè nígbà tí ṣáásì ti ń jẹrà nísàlẹ̀. Kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ bọ́ sábẹ́ ọkọ̀ ẹgbẹ́ pẹ̀lú òòlù kékeré, kó máa kan ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí súsù ti so mọ́ ọn. Bí ó bá ti jẹrà, èmi náà á bá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tà á dìbò, mi ò sì ní bínú.

Bí ṣáásì bá dára, kí owó àkọ́kọ́ tí a máa ná jẹ́ lórí búréèkì: páìpù tuntun, sílíńdà tuntun, láínìnì àti búsítà. Kí a lò ó fún oṣù kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí a wá ẹ́ńjìnnì, kí a sì rà á pẹ̀lú intercooler rẹ̀, rédíétọ̀ rẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù búsítà àti gbogbo họ́ọ̀sì ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá bóòtù dí ohunkóhun. Kí ìwé tí a bá gbà lọ́wọ́ ẹni tó tà á ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú, kí akọ̀wé sì mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, kí nọ́ńbà tuntun wọ inú ìwé kí ọkọ̀ tó jáde ìlú. Bí ọlọ́pàá bá ṣí bóńẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà méjèèjì kò bára mu, ẹni tó ń wakọ̀ ló máa sun àgọ́ wọn, kì í ṣe ẹgbẹ́. Kí ìgbìmọ̀ sì yan awakọ̀ méjì péré. Ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo omi rẹ̀.

Mo ti kọ gbogbo ìwọ̀n àti orúkọ ẹ̀yà tí mo lò sínú ìwé kan, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọkọ̀ tèmi wà níta lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún, tàbí tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ búréèkì rẹ̀ wò, kó bá mi jáde lẹ́yìn oúnjẹ. Alága, mo ti ṣetán fún ìbéèrè.